Má Jẹ́ Kí Ìwé Ìgbélùú Rẹ Kú Sí Ọ Lọ́wọ́

Manigri, nígbà tí a ń ṣa kajú.

Mùfútáù ọmọ mi,

Mo bẹ Ọlọ́run kí lẹ́tà yìí bá ọ nínú àlàáfíà, kí ó sì bá ọ níbi tí o ti lè mí dáadáa. Gbogbo wa wà níhìn-ín. Ìyá rẹ wà, orúnkún tó ń dùn ún ti dẹwọ́ díẹ̀. Rábíátù aya rẹ wà, oyún rẹ̀ sì ti tóbi débi pé kò lè jókòó pẹ́ nídìí ẹ̀rọ ìránṣọ rẹ̀ mọ́. Kajú so dáadáa lọ́dún yìí. Iṣu tí a gbìn sí oko ẹ̀bá odò ti ń hù.

Wàá bi ara rẹ pé kí ló dé tí Bàbá fi jókòó kọ lẹ́tà nígbà tí fóònù wà. Gbogbo ìgbà tí mo bá ti fẹ́ bá ọ sọ̀rọ̀ ìwé lórí fóònù, ńṣe lo máa ń rẹ́rìn-ín. Wàá ní, "Bàbá, ẹ fọkàn balẹ̀, ó ti wà lọ́nà," wàá sì yí ọ̀rọ̀ náà sí bí òjò ṣe ń rọ̀ sí. Lórí ìwé, o kò lè dá ọ̀rọ̀ mọ́ mi lẹ́nu. Ìyá Sákírà tó ń kó ọjà láti ìhín lọ tà ní Libreville ni mo fi rán. Mo sọ fún un pé kó dúró tì ọ́ títí wàá fi kà á tán, kó tó bá ọ sọ ọ̀rọ̀ kankan.

Jẹ́ kí n kọ́kọ́ sọ bí ọ̀rọ̀ náà ṣe dé etí mi, kí o má baà bínú sí aya rẹ.

Ọ̀sán ọjọ́ Jímọ̀ tó kọjá, òun àti ìyá rẹ jọ ń bẹ iṣu ní ẹ̀yìnkùlé. Ìyá rẹ ní òun rí i pé ó di ọ̀bẹ mú lásán, kò bẹ iṣu mọ́, omi sì ń bọ́ lójú rẹ̀ sínú abọ́. Ó bi í léèrè. Rábíátù ní kò sí nǹkan, pé oyún ló ń ṣe òun bẹ́ẹ̀.

Ìyá rẹ ní, "Rábíátù, ọmọ márùn-ún ni mo bí. Mo mọ ẹkún oyún. Èyí tí ò ń sun yìí kọ́ ni."

Ìgbà yẹn ló tó tú u sílẹ̀. Ó ní, "Màmá, kò ní lè wá síbi ìkómọ. Ó ní bí òun bá jáde ní ìlú náà, wọn kò ní jẹ́ kí òun wọlé mọ́. Ìwé rẹ̀ ti kú. Ó ní kí n má sọ fún yín."

Ìyá rẹ kò dúró kí n ti oko dé. Ó fi orúnkún tó ń dùn ún yẹn rìn wá bá mi lábẹ́ kajú. Nígbà tó sọ ọ́ tán, mo gbé apẹ̀rẹ̀ ọwọ́ mi kalẹ̀, mo sì jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀. Ó ní àwọ̀ mi yí padà, ó wá omi fún mi. Ohun tó kọ́kọ́ wá sí mi lọ́kàn ni páànù tuntun tó wà lórí ilé wa. A ti ń dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ lórí páànù yẹn. Mo ti mú àwọn àna rẹ yí ilé ká, mo ní, "Ẹ wo iṣẹ́ Mùfútáù." Rábíátù ní owó ìwé ìgbélùú rẹ ni o fi rà á, n kò sì mọ̀. Bí o bá ti sọ fún mi, inú ilé tó ń jò ni ǹ bá máa gbé, inú mi ì bá sì dùn.

Èmi náà gbé Libreville, o mọ̀. Ibẹ̀ ni mo ti ń mọlé kí wọ́n tó bí ọ, ibẹ̀ náà ni mo wà nígbà tí o wà ní kékeré. Mo mọ bí owó ìwé náà ṣe wúwo tó. Mo mọ̀ pé kì í ṣe owó ìwé nìkan: owó àyẹ̀wò ara wà, owó fótò wà, owó ìwé tí yóò ti ìlú wa wá wà, owó tí wọ́n máa ń gbà sílẹ̀ wà, tí wọn yóò fi dá ènìyàn padà sílé bí ọ̀rọ̀ bá dé ojú ẹ̀. Ènìyàn á wò ó, á ní, ṣé kí n kó gbogbo èyí fún búrò tó ń ṣe ìwé, nígbà tí àwọn ará ilé ń retí? N kò ní pè ọ́ ní òmùgọ̀. Ẹni tó jẹ́ èèyàn dáadáa gan-an ni mo rí tó ṣe ohun tí o ṣe yìí, ohun tó sì dé bá a ni mo fẹ́ sọ fún ọ. O mọ ẹni náà. Bàbá aya rẹ ni.

Mo lọ bá a ní Bassila láàárọ̀ ọjọ́ Sátidé. Mo bá a nídìí pákó tó ń tà lẹ́yìn ọjà. O mọ Ìdírísù, kì í sọ̀rọ̀ púpọ̀, Yorùbá rẹ̀ sì ṣì ní ohùn Alédjo ìlú rẹ̀ nínú títí dòní. Bó ṣe rí mi báyìí, ó dìde.

"Lìámídì, ojú rẹ kò dára. Ṣé ọmọ mi ni?"

"Ara Rábíátù yá. Ọmọ tèmi ni."

Mo sọ fún un. N kò rò pé ó tọ́ kó gbọ́ ọ lẹ́nu ẹlòmíràn, nítorí òun ló fi ọmọ rẹ̀ fún ọ. Ó ní kí àwọn tó ń la pákó dúró ná, ó sì jókòó sórí pákó.

Ó ní, "Ó ti tó ìgbà wo tí ìwé náà ti kú?"

"Ó ń wọ oṣù kejì."

"Ṣé ó ti fi títì sílẹ̀? Ṣé ẹ̀yìnkùlé ló ń gbà lọ síbi iṣẹ́?"

"N kò mọ̀."

"Bi í. Ibẹ̀ ló ti máa ń bẹ̀rẹ̀."

Mo wá sọ ohun tó gbé mi wá. Mo ní, "Ìdírísù, o ti ní kí n má sọ ọ̀rọ̀ Libreville fún ẹnikẹ́ni, n kò sì sọ ọ́. Mo fẹ́ kọ ọ́ sí ọmọ yìí."

Ó gbọn ìyẹ̀fun pákó kúrò lára ṣòkòtò rẹ̀. Lẹ́yìn náà ó ní, "Kọ ọ́. Má bo ojú rẹ̀ nítorí tèmi."

Bó ṣe ṣẹlẹ̀ nìyí.

Ilé onípákó kan náà ni a jọ ń gbé, lábẹ́ òkè kan, yàrá tirẹ̀ kọjú sí tèmi. Èmi ń mọlé, òun ń jó irin. Kò sí ẹni tó mọ iṣẹ́ náà tó o láàárín wa. Ilẹ̀kùn tó bá ṣe, o kò ní mọ ibi tí irin ti pàdé ara wọn. Nígbà tí ìwé rẹ̀ fẹ́ parí, ìyá rẹ̀ dùbúlẹ̀ àìsàn ní Alédjo. Ó kó owó ìwé ránṣẹ́ fún ìtọ́jú ìyá rẹ̀. Ta ló máa bá a wí? Ó ní tí oṣù tó ń bọ̀ bá dé, òun á ṣe ìwé náà. Oṣù náà dé, owó ìtanràn ti gorí owó ìwé. Oṣù mìíràn dé, ó tún lé sí i. Nígbà tó yá, kò bá mi sọ ọ́ mọ́.

Mo kàn ń rí i pé ayé rẹ̀ ń kéré sí i ni. Ó kọ́kọ́ fi títì sílẹ̀, ó ń gba àárín ilé onílé lọ síbi iṣẹ́. Lẹ́yìn náà ó fi mọ́ṣáláṣí ọjọ́ Jímọ̀ sílẹ̀, nítorí pé àwọn jàndáámù, ọlọ́pàá tó ń yẹ ìwé wò, máa ń dúró ní oríta tí a ń gbà lọ. Ó ń kírun nínú yàrá rẹ̀, fèrèsé ní títì. Bí ọmọdé bá kan ilẹ̀kùn, ńṣe ló máa dákẹ́ títí ọmọ náà yóò fi sọ orúkọ ara rẹ̀. Nígbà tí patíròn rẹ̀, ọ̀gá tó ń bá ṣiṣẹ́, gbọ́ pé kò ní ìwé mọ́, ó gé owó iṣẹ́ rẹ̀ sí ìdajì. Ìdírísù ní kí ló fa èyí? Ọkùnrin náà rẹ́rìn-ín, ó ní, "Bí kò bá tẹ́ ọ lọ́rùn, lọ fi mí sùn. Ṣé o mọ ọ̀nà ọ̀dọ̀ àwọn ọlọ́pàá?"

Ìgbà tó yá, ìyá rẹ̀ kú.

Mo wà nínú yàrá pẹ̀lú rẹ̀ nígbà tí wọ́n pè é. Ó di àpò rẹ̀. Ó ká agbádá funfun rẹ̀ sínú, ó fi bàtà lé e, ó fa síìpù rẹ̀ tì. Ó wá jókòó sẹ́bàá ibùsùn, ó gbé àpò náà lé itan. Bó bá lọ, kò lè padà wọlé, ẹ̀rọ tó fi ń jó irin sì ń bẹ ní ṣọ́ọ̀bù patíròn, owó iṣẹ́ tó ti ṣe kò tíì jáde. Mo ń wò ó. Nígbà tó pẹ́, ó ṣí àpò náà, ó yọ agbádá náà jáde, ó gbé e kọ́ sórí ìṣó padà. Ó ní, "Lìámídì, ìyá mi kú, ẹ̀rù sì ń bà mí láti kọjá oríta." Àwa díẹ̀ tó wà nílé la jọ ṣe àdúà fún ìyá rẹ̀ nínú yàrá náà. Ìdírísù kò sunkún. Ó kàn ń wo ilẹ̀kùn.

Kò pẹ́ sí ìgbà yẹn tí inú bẹ̀rẹ̀ sí í run ún. Ó ní oúnjẹ ni. Ó fi pamọ́ fún wa, ó ki aṣọ bọ ẹnu kí a má baà gbọ́ igbe rẹ̀. Màmá Odẹ́tì tó ni ilé, ọmọ onílùú, ló ṣílẹ̀kùn wọlé bá a lọ́sàn-án ọjọ́ kejì. Ó fọwọ́ kan orí rẹ̀, ó sì figbe ta sí mi pé kí n pe taksí.

Ìdírísù di ẹsẹ̀ ibùsùn mú. Ó ní, "N kò lọ. Wọ́n á béèrè ìwé mi. Ẹ jẹ́ kí n kú síhìn-ín."

Èmi àti Màmá Odẹ́tì la já ọwọ́ rẹ̀ kúrò lára irin ibùsùn, a sì gbé e sínú ọkọ̀. Òjò ń rọ̀. Bí a ṣe dé oríta, jàndáámù nawọ́ sí awakọ̀ pé kó dúró.

Ó ní kí a mú ìwé wa wá. Mo fún un ní tèmi. Màmá Odẹ́tì fún un ní tirẹ̀. Ó bẹ ojú wo ẹ̀yìn ọkọ̀, ó ní, "Òun ńkọ́?"

Kí n tó lanu, mo gbọ́ tí ilẹ̀kùn ọkọ̀ ní apá kejì ṣí. Ìdírísù ti sọ ara rẹ̀ sílẹ̀. Ọkùnrin tí kò lè dìde dúró fẹ́ sá. Ó ṣubú sínú ẹrẹ̀, ó ń fi ìgbọ̀nwọ́ wọ́ ara rẹ̀ lọ sí ojú gọ́tà. Jàndáámù fun fèrè, àwọn yòókù sáré wá, ìbọn wà lọ́wọ́ wọn. Mo bọ́ sílẹ̀, mo na ọwọ́ mi méjèèjì sókè nínú òjò. Mo gbàgbé gbogbo Faransé tí mo mọ̀. Nígbà tó yá ni mo rí ọ̀rọ̀ sọ.

"Ọ̀gá, aláìsàn ni. Inú ló ń run ún. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ wò ó."

Ọ̀gá wọn bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀, ó fọwọ́ kan ikùn rẹ̀. Igbe tí Ìdírísù ké, n kò tíì gbọ́ irú rẹ̀ rí lẹ́nu àgbàlagbà.

"Ìwé rẹ̀ dà?"

Mo mọ̀ pé bí mo bá ní ó wà nílé, a ó padà lọ wá a, ọ̀rẹ́ mi ó sì kú sọ́nà. Mo ní, "Kò ní, ọ̀gá. Ìwé rẹ̀ ti kú tipẹ́."

Màmá Odẹ́tì bọ́ sílẹ̀ nínú ọkọ̀, òjò ń rọ̀ sórí gèlè rẹ̀. Ó ní, "Ọmọ mi, ìwọ náà ní ìyá. Jẹ́ kí a lọ."

Ọ̀gá náà fi káàdì tèmi sápò ara rẹ̀ láti fi dúró fún wa. Ó ní kí jàndáámù kan wọ ọkọ̀ tẹ̀ lé wa, a sì lọ. Mùfútáù, ọ̀nà yẹn kò gùn, ṣùgbọ́n n kò tíì rin ọ̀nà tó jìn tó o láyé mi. Orí Ìdírísù wà lórí itan mi. Ó ń bá ìyá rẹ̀ sọ̀rọ̀ ní èdè Alédjo.

Nígbà tí a dé ilé ìwòsàn, dókítà jáde wá. Ohun tó kọ́kọ́ bi wá ni ìgbà tí aláìsàn jẹun kẹ́yìn. Ìkejì ni ibi tí inú ti kọ́kọ́ run ún. Kò sí ẹni tó béèrè ìwé lọ́wọ́ wa, ìgbà tí wọ́n gbé e wọlé lọ ṣiṣẹ́ abẹ ni akọ̀wé kàn kọ orúkọ rẹ̀ sílẹ̀. Dókítà ní bí ilẹ̀ bá ṣú kí a tó dé, òkú la máa gbé wá. Láti ìgbà yẹn ni mo ti mọ̀ pé ìbẹ̀rù tó wà nínú yàrá yẹn ló fẹ́rẹ̀ẹ́ pa ọ̀rẹ́ mi.

Ó yè. Ṣùgbọ́n jàndáámù yẹn jókòó sẹ́nu ọ̀nà, ẹlòmíràn sì ń wá gba ipò rẹ̀. Nígbà tí egbò náà jiná, wọ́n fi Ìdírísù ránṣẹ́ sílé, wọ́n sì dá káàdì mi padà fún mi. Sálúbàtà tí wọ́n fún un ní ilé ìwòsàn ló wọ̀ dé Cotonou. Mo lọ bá patíròn rẹ̀ nítorí ẹ̀rọ tó fi ń jó irin, ó ní òun kò mọ ẹ̀rọ kankan. Nígbà tí Ìdírísù dé Alédjo, koríko ti bo ibojì ìyá rẹ̀. Òun ló kọ́kọ́ fi ọwọ́ tu ú.

Kò padà jó irin mọ́ láti ìgbà náà. Pákó ló ń tà.

Mùfútáù ọmọ mi, fara balẹ̀ ka èyí tó kù, torí pé òun ni mo fi ń bẹ̀ ọ́.

Èkíní, máa gba títì. Bí o bá ti ń gba ẹ̀yìnkùlé, dáwọ́ dúró lónìí. Lọ́jọ́ tí Ìyá Sákírà bá fi lẹ́tà yìí lé ọ lọ́wọ́, kí ẹ jọ jáde lọ sí ilé aṣojú ìlú wa tó wà níbẹ̀. Sọ fún wọn pé ìwé rẹ ti kọjá ọjọ́, pé o fẹ́ tún un ṣe, kí wọ́n sọ ohun tí o máa mú dání fún ọ. Bẹ̀ wọ́n kí ẹnì kan tẹ̀ lé ọ, tàbí kí wọ́n fún ọ ní ìwé tí wàá fi hàn. Mo mọ̀ pé ẹ̀rù ń bà ọ́ pé bí o bá gbé ìwé tó ti kú wọ búrò, wọ́n lè dì ọ́ mú. Ó lè rí bẹ́ẹ̀. N kò ní purọ́ fún ọ. Ṣùgbọ́n oṣù méjì kò tíì pọ̀ jù, ìwé iṣẹ́ rẹ wà, o sì fi ẹsẹ̀ ara rẹ wá. Ẹni tí wọ́n bá lé mú ní oríta kò ní gbogbo èyí láti sọ.

Èkejì ni ọ̀rọ̀ ọkùnrin tí o sọ fún Rábíátù pé yóò bá ọ gbé ìwé náà jáde láìjẹ́ pé o fojú kan búrò. Mo bẹ̀ ọ́ lórúkọ Ọlọ́run, má ṣe é. Lónìí, ẹni tó pẹ́ ni wọn yóò pè ọ́. Bí wọ́n bá bá ayédèrú lọ́wọ́ rẹ, ọ̀daràn ni wọn yóò pè ọ́, kò sì sí aṣojú ìlú kankan tó máa lè gbẹnu sọ fún ọ. Bí ó bá ti gba fótò rẹ, gbà á padà. Bí ó bá ti gba owó, fi sílẹ̀ fún un.

Patíròn rẹ ńkọ́? Ṣé ọwọ́ rẹ̀ ni pasipọ́ọ̀ rẹ wà? O kò sọ fún mi rí, Rábíátù náà kò mọ̀. Bó bá wà lọ́wọ́ rẹ̀, lọ gbà á. Sọ fún un pẹ̀lẹ́, ní ojú ẹlẹ́rìí, pé búrò ló ń béèrè fún un. Iṣẹ́ ẹ̀rọ amúlétutù tí o ń ṣe yìí, mo gbọ́ pé wọ́n ń wá àwọn tó mọ̀ ọ́n káàkiri. Má jẹ́ kí ó mọ̀ pé ẹ̀rù ń bà ọ́. Kí o sì sọ fún un kó kọ ìwé iṣẹ́ rẹ tuntun, nítorí láìsí i, búrò á dá ọ padà.

Lọ ṣe àyẹ̀wò ara kí o tó ṣe ohunkóhun mìíràn, torí òun ló máa ń pẹ́ jù. Gbogbo ìwé tí wọ́n bá fún ọ, títí dé bébà kékeré tó fi hàn pé o ti fi ìwé sílẹ̀ tí o ń retí, ya àwòrán rẹ̀, kí o sì fi ránṣẹ́ sórí fóònù Rábíátù. Bébà kékeré yẹn ni kí o máa gbé kiri. Má fi sílé. Má kà á sí ohun yẹpẹrẹ nítorí pé kò dán bíi káàdì.

Ní ti owó, mo fi díẹ̀ rán Ìyá Sákírà. Owó kajú wà nínú rẹ̀. Bàbá aya rẹ fi tirẹ̀ kún un, ó sì ní bí mo bá dúpẹ́, òun ó gbà á padà. Má dá a padà, má sì fi ra ohun mìíràn. Láti òní títí ìwé yẹn yóò fi jáde, má fi owó kankan ránṣẹ́ sílé. Bí o bá fi ránṣẹ́, n kò ní lọ gbà á. Bí ẹ̀gbọ́n rẹ bá pè ọ́ pé ọmọ òun nílò bàtà, sọ fún un pé Bàbá ní rárá.

Mo ń bọ̀ wá sórí ìkómọ báyìí, ọ̀rọ̀ náà sì le fún mi láti kọ. Èmi àti ìyá rẹ kò fẹnu kò lórí rẹ̀. Ní àná, a wà níwájú ilé, ó ní, "Kọ ọ́ sínú lẹ́tà yẹn pé kó padà wálé. Ilẹ̀ wà, iṣu wà. Kí ló fẹ́ fi ìwé àwọn èèyàn yẹn ṣe?" Mo ní iṣẹ́ tó wà lọ́wọ́ rẹ dára, pé bí o bá sá wálé báyìí, o kò tún ní lè padà lọ láéláé. Ó ní, "Ọmọ rẹ̀ kò ní mọ ojú rẹ̀." Mo ní, "Ọmọ ọwọ́ kì í mọ ojú ẹnikẹ́ni." Ọ̀rọ̀ yẹn kò dára lẹ́nu mi, mo rí i lójú ìyá rẹ.

Rábíátù ló dá sí i. Ibi ìlẹ̀kùn ló dúró sí, a kò mọ̀ pé ó ń gbọ́ wa. Ó ní, "Ẹ má jà nítorí mi. Kó dúró ṣe ìwé náà. Èmi á bí ọmọ náà, ẹ̀yin á wà pẹ̀lú mi. Ṣùgbọ́n ẹ bá mi sọ fún un pé kó má purọ́ fún mi mọ́. Oṣù kan gbáko ni mo fi ń rán aṣọ tó máa wọ̀ níbi ìkómọ."

Mo ti sọ ọ́ fún ọ bó ṣe sọ ọ́. N kò yọ nǹkan kan kúrò nínú rẹ̀.

Nítorí náà, má wá. Bí ọmọ bá dé kí ìwé rẹ tó jáde, dúró síbẹ̀. Èmi ni n ó gbé ọmọ náà, tí n ó sì pe àdúà sí i létí. Ìwọ ni kí o yan orúkọ rẹ̀, kí o sì sọ ọ́ fún aya rẹ kí o tó sọ ọ́ fún èmi. Pè é lójoojúmọ́. Bí wọ́n bá dá ọ padà ní búrò, sọ fún un. Bí ẹ̀rù bá ń bà ọ́, sọ fún un. Ọmọ Ìdírísù ni, ó ti rí àpá tó wà ní ikùn bàbá rẹ̀ láti kékeré, bó tilẹ̀ jẹ́ pé kò sẹ́ni tó sọ ibi tó ti wá fún un. Mo bẹ bàbá rẹ̀ kó wá sọ ọ́ fún un fúnra rẹ̀, ó sì ti gbà.

Ohun kan ló kù. Ó lè ṣẹlẹ̀ pé kí o ṣe gbogbo èyí, kí o tò sórí ìlà láti àárọ̀, kí o san gbogbo owó, kí wọ́n ṣì sọ pé rárá. Ó máa ń ṣẹlẹ̀ sí àwọn tí kò ṣẹ nǹkan kan. Bó bá rí bẹ́ẹ̀, má lọ fara pamọ́ sínú yàrá ẹnikẹ́ni. Má wá ọ̀nà mìíràn. Ta ohun tí o bá lè tà, fi ìyókù tọrẹ, kí o wọ ọkọ̀. Má ronú ohun tí àwọn ará Manigri máa sọ. Má dúró ní Cotonou láti wá nǹkan tí o máa fi bo ojú wá bá wa. Máa bọ̀ tààrà, bí o tilẹ̀ jẹ́ pé aṣọ ọrùn rẹ nìkan lo ní. Kí awakọ̀ já ọ sílẹ̀ ní ojú títì ní ọ̀sán gangan, lójú gbogbo ènìyàn. Èmi fúnra mi ni n ó wá pàdé rẹ níbẹ̀.

Ìyá rẹ kí ọ. Ó ní kí n sọ pé òun ṣì ń bínú.

Èmi tí mo ń retí ìròyìn rẹ,

Lìámídì, bàbá rẹ.